Trinidad àti Tobago: Ohun Tí Wọ́n Jà Fún Ni Wọ́n Ń Fi Han Àlejò

Ní Waterloo, lápá ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Trinidad, tẹ́ńpìlì funfun kan wà tí òkun yí ká. Ọ̀nà tóóró kan ló so ó mọ́ ilẹ̀. Bí omi bá kún, ìgbì á máa lu ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà. Bí omi bá fà, ẹrẹ̀ dúdú á hàn, àwọn ẹyẹ á sì wá ṣa oúnjẹ wọn lórí rẹ̀. Siewdass Sadhu ni orúkọ ẹni tó kọ́ ọ, lébìrà sì ni nínú oko ìrèké. Orí ilẹ̀ ilé iṣẹ́ ṣúgà ló kọ́kọ́ kọ́ ilé ìjọsìn rẹ̀ sí. Wọ́n ní kó wó o, ó kọ̀. Wọ́n wó o, wọ́n sì ju ọkùnrin náà sẹ́wọ̀n ọjọ́ 14. Nígbà tó jáde, ó rò ó pé bí ilẹ̀ bá ní onílẹ̀, ilé iṣẹ́ kankan kò ni òkun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ ru òkúta àti sìmẹ́ǹtì wọ inú omi lọ, ọdún gorí ọdún. Òkun ń jẹ iṣẹ́ rẹ̀, ó ń tún un ṣe. Ní 1995, tí ó pé 150 ọdún tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ kó àwọn ará Íńdíà wá sí erékùṣù náà, wọ́n tún tẹ́ńpìlì yẹn kọ́ dáadáa. Ọkùnrin náà ti kú nígbà yẹn.

Ẹni tó bá lọ ṣe ọlidé ní Trinidad àti Tobago, ibẹ̀ ni màá kọ́kọ́ rán an lọ. Kì í ṣe torí pé ó lẹ́wà jù, bó tilẹ̀ lẹ́wà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ibi kan tí wọ́n ń mú àlejò lọ tí ẹnì kan kò fi ara jìyà kó tó wà títí dòní. Àwọn ìwé ìpolówó kì í sọ èyí. Iyanrìn, igi àgbọn àti omi aláwọ̀ ojú ọ̀run ni wọ́n ń fi hàn wá, ẹni tó bá sì gbọ́ tiwọn nìkan, á lọ, á dùbúlẹ̀ sétí omi, á padà wálé láìmọ ibi tó lọ.

Orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1962. Trinidad ló tóbi jù nínú erékùṣù méjèèjì, kìlómítà 11 péré ló sì wà láàárín òun àti Venezuela níbi tí wọ́n ti súnmọ́ra jù. Epo rọ̀bì àti gáàsì ló ń bọ́ ọ, kì í ṣe àlejò, ìdí nìyẹn tí òtẹ́ẹ̀lì gàgàrà kò fi tò sí etíkun rẹ̀. Tobago kéré, ara ibẹ̀ sì balẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn tó ń wá etíkun ń lọ.

Láti Waterloo, ẹ jẹ́ ká gba Grande Riviere lọ. Ìpẹ̀kun àríwá Trinidad ló wà, lápá ìlà-oòrùn, ọ̀nà ibẹ̀ há, ó sì rí kọ́lọkọ̀lọ láàárín òkè àti òkun. Etíkun abúlé náà kò gùn tó kìlómítà kan. Síbẹ̀, láti oṣù kẹta sí oṣù kẹjọ lọ́dọọdún, ó wà lára ibi tí ìjàpá òkun tó tóbi jù lọ láyé, èyí tí wọ́n ń pè ní leatherback, ti máa ń wọ́ wá yé ẹyin jù lọ. Kò ní igbá líle lẹ́yìn bíi ti ìjàpá tí a mọ̀. Awọ dúdú tó nípọn, tó ní ilà méje láti ọrùn dé ìdí, ló bò ó. Abo kan lè wọn 300 kílò, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Omi tútù ẹ̀bá Kánádà ni àwọn mìíràn ti ń bọ̀, níbi tí wọ́n ti lọ jẹun, lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n ti yé ẹyin kẹ́yìn.

Òru ni wọ́n ń gòkè. Àlejò kò gbọ́dọ̀ dá wọ etíkun náà lásìkò yẹn. Ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, amọ̀nà ará abúlé á sì mú un lọ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì tí iná rẹ̀ pupa. Ẹ̀yìn ìjàpá náà ni wọ́n ń dúró sí, kó má baà rí wọn. Níbẹ̀ ni èèyàn ti máa ń rí ohun tí kò ní gbàgbé. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan á ká bí àtẹ́lẹwọ́ tó fẹ́ bu omi mu, á wọ inú ihò, á bu iyanrìn, á gbé e jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ kejì á gbọn tiẹ̀ nù, á wọlé. Ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, ní ibi tí ojú rẹ̀ kò tó, títí ihò náà á fi jìn débi tí ẹsẹ̀ kò ti kan ìsàlẹ̀ mọ́. Ìgbà náà ni ẹyin á bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, funfun, róbótó, méjì méjì, mẹ́ta mẹ́ta. Ó máa ń tó ọgọ́rin, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kéékèèké tí kò sí ọmọ nínú wọn ló máa ń gbẹ̀yìn, wọ́n á sì bo tòótọ́ mọ́lẹ̀. Omi á máa dà lójú ìyá náà ní gbogbo àsìkò yẹn. Iyọ̀ òkun tó ti mu ni ara rẹ̀ ń tì jáde, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wò ó, ọkàn rẹ̀ kò lè ṣàì yọ́. Bó bá ti kó iyanrìn padà sórí ihò, á tún yí káàkiri, á máa fọ́n iyanrìn síbí sọ́hùn-ún kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ojú ibẹ̀ gan-an.

Àwọn ará apá ibẹ̀ ń pa ẹran yìí jẹ tẹ́lẹ̀. Àdá ni wọ́n ń yọ sí i lórí iyanrìn, nígbà tí kò lè sáré. Ní 1990, ìjọba fi òfin dí etíkun Matura, tí kò jìnnà sí Grande Riviere, lásìkò ìyéyin, ọdún yẹn náà sì ni àwọn ará Matura kan dá ẹgbẹ́ Nature Seekers sílẹ̀. Wọ́n ń fi òru rìn etíkun láìgba owó, láàárín àwọn ará ilé wọn tí ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé. Títí di 2011, òfin ṣì gba èèyàn láyè láti ṣọdẹ ìjàpá òkun fún apá kan nínú ọdún. Ọdún yẹn ni wọ́n ká a kúrò pátápátá. Lónìí, ẹni tí bàbá rẹ̀ ń pa á jẹ lè jẹ́ ẹni tó ń fi iná pupa tọ́ àlejò sọ́nà, owó tí àlejò san ló sì fi ń rán ọmọ níléèwé. Kò túmọ̀ sí pé gbogbo rẹ̀ ti dán mọ́rán. Ní 2012, odò kan yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ ní Grande Riviere, ó ń jẹ etíkun lọ sí ọ̀dọ̀ òtẹ́ẹ̀lì. Ìjọba rán katakata wá láti darí rẹ̀ padà, katakata náà sì tẹ ẹyin àti ọmọ ìjàpá rẹpẹtẹ pa.  Àlejò náà lè pa wọ́n lára, nítorí náà, bí amọ̀nà bá ní kí ẹ pa iná fóònù yín, ẹ pa á. Ibi tó bá mọ́lẹ̀ jù ni ọmọ ìjàpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa máa ń forí lé, torí ojú òkun ló máa ń mọ́lẹ̀ jù lóru. Iná àwa èèyàn ló ń ṣì wọ́n lọ́nà.

Ìrìn igbó ẹrẹ̀ Caroni rọrùn jù èyí lọ, kò sì jìnnà sí Port of Spain, olú-ìlú. Nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ ojú omi máa ń gbéra, á gba àárín igbó ẹrẹ̀ tí gbòǹgbò igi rẹ̀ fẹsẹ̀ lélẹ̀ sínú omi. Amọ̀nà á nàka sí ejò tó ká sórí ẹ̀ka, ẹ ò ní rí i, títí ó fi máa fi ọ̀pá tọ́ka ibi tó wà gan-an. Ọkọ̀ á dúró sójú omi gbalasa, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹyẹ scarlet ibis á bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ọ̀wọ́ kan tẹ̀ lé òmíràn, títí igi kan ṣoṣo tó jẹ́ aláwọ̀ ewé á fi di pupa wẹ̀ẹ̀. Akàn àti edé tí wọ́n ń jẹ ló ń fún wọn ní àwọ̀ yẹn. Eérú ni àwọ̀ ọmọ wọn. Ẹyẹ orílẹ̀-èdè ni, àwòrán rẹ̀ wà lára àmì ìjọba, síbẹ̀ àwọn kan ń pa á jẹ lábẹ́lẹ̀. Ní 2018, ìjọba sọ ọ́ di ohun ààbò: ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ lè san 100,000 dọ́là Trinidad, ó sì lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì.

Oúnjẹ ibẹ̀, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀, torí ẹnu ló ń sọ ọ́, kì í ṣe gègé. Ẹ jẹ doubles láàárọ̀, lójú pópó, ní ìdúró: ìyẹ̀fun dídín pẹlẹbẹ méjì tó rọ̀, pẹ̀lú ẹ̀wà channa láàárín. Ìdílé Deen ló bẹ̀rẹ̀ títà rẹ̀ ní Princes Town ní 1936. Àwọn tó ń ta á máa ń béèrè bí ata ṣe máa pọ̀ tó. Ẹ dáhùn pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Ní etíkun Maracas, ẹ jẹ búrẹ́dì dídín tí wọ́n fi ẹja há. Ẹja àkurákudà ni ti ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n àkurákudà ti ń dín kù nínú òkun, ẹja mìíràn sì wà tí ẹlẹ́ja lè fi há a. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹja mìíràn ṣe tiyín.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí orin. Láti 1884, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de ìlù lílù ní òpópónà, lẹ́yìn ìjà tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọlọ́pàá àti àwọn aláré Carnival ní 1881. Àwọn èèyàn wá gé ọparun, wọ́n ń fi í gún ilẹ̀. Nígbà tó yá, ní àwọn ọdún 1930, wọ́n mú agolo bísíkítì, ìdérí garawa ìdọ̀tí, ohunkóhun tó jẹ́ irin. Àwọn ọ̀dọ́ Laventille àti àdúgbò tálákà mìíràn ló rí i pé bí òòlù bá lu irin síbí, tó sì lù ú sọ́hùn-ún, ohùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jáde. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti dé orí àgbá epo, tí wọ́n sọ di ìlù tí wọ́n ń pè ní pan, epo tó sì jẹ́ ọrọ̀ erékùṣù náà, òfìfo àgbá rẹ̀ ló dọ́wọ́ àwọn tí kò rí nínú ọrọ̀ yẹn. Àwọn ìyá kì í fẹ́ kí ọmọ wọn bá wọn ṣe é; ọlọ́pàá ń kó wọn. Ní 1951, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní TASPO kó pan wọn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ lù ú níbi ayẹyẹ Festival of Britain. Ní 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ sọ́tọ̀ fún un.

Ọ̀pọ̀ àlejò á rò pé ọjọ́ Carnival ni kí àwọn wá. Mo gbà pé Carnival dára, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pan lẹ fẹ́, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú rẹ̀ ni kí ẹ dé, kí ẹ sì lọ sí àgbàlá tí wọ́n ti ń kọ́ ọ, àwọn tí wọ́n ń pè ní pan yard: Renegades ní Charlotte Street, All Stars ní Duke Street, Phase II ní Woodbrook. Ìdíje Panorama, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1963, ni wọ́n ń múra sílẹ̀ fún. Ẹgbẹ́ ńlá lè ní èèyàn tó ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: akẹ́kọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì, awakọ̀, ìyá àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Etí ni púpọ̀ nínú wọn fi ń kọ́ ọ. Olùdarí á kọ orin díẹ̀ fún ìlà kan, wọ́n á tún un lù títí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n, á bọ́ sí ìlà mìíràn, lẹ́yìn náà á gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wọn á lù ú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìró yẹn máa ń gba àyà èèyàn kọjá. Ẹni tó bá dúró sáàárín àgbàlá náà lálẹ́ ọjọ́ kan ti rí ohun tí tíkẹ́ẹ̀tì pápá ìdíje kò lè fún un. Kí amọ̀nà tàbí onítákísí tí òtẹ́ẹ̀lì yín mọ̀ gbé yín lọ, kó sì gbé yín padà, nítorí Port of Spain kì í ṣe ìlú tí àlejò ń dá rìn lóru.

Kí n tó dé Tobago, ọ̀rọ̀ kan wà fún àwa Yorùbá. Púpọ̀ nínú àwọn baba ńlá wa tó dé Trinidad, lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì ti fòpin sí òwò ẹrú ni wọ́n dé. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lójú òkun, wọ́n kó wọn lọ sí Sierra Leone tàbí St Helena, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti kó wọn wá ṣiṣẹ́ oko láàárín 1841 sí 1867. Wọ́n kó òrìṣà wọn wá. Ẹ̀sìn náà wà títí dòní: Ògún, Ṣàngó, Ọ̀ṣun, Yemọja, Ọ̀sanyìn, Ṣọ̀pọ̀ná, gbogbo wọn ni wọ́n ń bọ. Ọ̀pá ọparun tí wọ́n ta àsíá aláwọ̀ oríṣiríṣi mọ́ ló ń fi ilé òrìṣà hàn, òrìṣà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Nígbà ọdún, ọ̀pọ̀ òru ni wọ́n fi ń lu ìlù mẹ́ta, tí wọ́n ń kọ orin tí ẹ máa gbọ́ Yorùbá nínú rẹ̀. Àwọn tó ń sọ èdè náà ní ilé ti kú tán. Maureen Warner-Lewis, ọ̀mọ̀wé, ló fọ̀rọ̀ wá àwọn arúgbó tó kẹ́yìn lẹ́nu wò, tó sì kọ ìwé lé e lórí. Ní 1988, Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé bẹ̀ wọ́n wò. Ní 1999, ilé aṣòfin ṣe òfin tó fọwọ́ sí ìgbéyàwó ẹlẹ́sìn òrìṣà. Bẹ́ẹ̀, láti 1917 sí 1951, òfin kan de ìjọsìn àwọn Onítẹ̀bọmi Ẹ̀mí, tí àwọn àti àwọn olórìṣà jọ ń ṣe wọlé-wọ̀de. Inú ìbẹ̀rù ni gbogbo wọn ti ń lu ìlù.

Mo sọ èyí nítorí pé ìgbafẹ́ kọ́ ni ọdún òrìṣà. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Ẹni tó bá fẹ́ dé ibẹ̀, kó wá ẹni tó mọ ìyá tàbí bàbá tó ni àgbàlá, kó tọrọ àyè, kó wọ aṣọ tó bójú mu, kó fi fóònù sápò. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo sì ní fún ẹni tó bá ti ilé lọ: bí ẹ bá gbọ́ orin kan tí ohùn rẹ̀ ti yí kúrò lórí bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé, ẹ má ṣe tún un ṣe fún wọn. Ẹ dákẹ́, kí ẹ gbè é. Àwọn èèyàn yìí ló gbé e gba inú oko ìrèké àti àgọ́ ọlọ́pàá kọjá. Púpọ̀ nínú wa nílé sì ti sọ tiwa nù láìsí ẹni tó fi tipá gbà á.

Kí a tó kúrò ní Trinidad, La Brea wà ní gúúsù rẹ̀, níbi tí adágún ọ̀dà wà, ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 40, ó sì jìn tó mítà 75 láàárín. Sir Walter Raleigh fi ọ̀dà rẹ̀ dí ojú ọkọ̀ rẹ̀ ní 1595. Èèyàn lè rìn lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ tẹ ibi tí amọ̀nà tẹ̀, nítorí ibòmíràn ṣì rọ̀. Bí wọ́n bá wa ọ̀dà kúrò, ojú ibẹ̀ máa ń rọra kún padà. Ọ̀dà náà kò dúró sínú adágún nìkan, ó ń rìn lábẹ́ ìlú, ó ń la ògiri ilé àwọn aráàlú, ó ń tẹ ọ̀nà wọn wọ́. Inú mi kì í dùn bí àlejò bá kan ya fọ́tò lórí adágún, tó sì gba àárín ìlú yẹn lọ láìbojú wẹ̀yìn. Ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ wọn.

Tobago ni igbó Main Ridge wà. Ní 1776, wọ́n fi òfin yà á sọ́tọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé igi rẹ̀, lẹ́yìn tí Soame Jenyns, aṣòfin kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ti fi ọdún 11 rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé igi ń pe òjò, bí òjò bá sì lọ, oko ìrèké kú. Kì í ṣe ìfẹ́ ẹyẹ tàbí ti ẹrú tó ń ṣiṣẹ́ oko ló fà á, ṣùgbọ́n igbó náà ló pẹ́ jù lábẹ́ ààbò òfin ní apá ìwọ̀-oòrùn ayé. Ìjì Flora wó igi púpọ̀ níbẹ̀ ní 1963, igbó náà sì ti hù padà. Ẹ gba ọ̀nà Gilpin Trace pẹ̀lú amọ̀nà ní kùtùkùtù, kí ẹ wọ bàtà tó ga, torí ẹrẹ̀ ibẹ̀ kì í tán.

Láti Store Bay tàbí Pigeon Point, ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ jẹ́ gíláàsì ń gbé èèyàn lọ sí òkúta iyùn Buccoo, ó sì ń dúró ní Nylon Pool, níbi tí omi kò ju àyà lọ láàárín òkun. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àlejò ń tẹ òkúta yẹn mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun ẹlẹ́mìí ni. Ohun tí ẹsẹ̀ kan fọ́ níṣẹ́jú kan lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó hù padà. Láti 1973 ló ti wà lábẹ́ ààbò òfin. Bí ọlọ́kọ̀ kan bá ní kí ẹ sọ̀kalẹ̀ rìn lórí rẹ̀, ẹ kọ̀ fún un.

Ní abúlé Buccoo kan náà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ́yìn Àjíǹde ni ìje ewúrẹ́. Láti 1925 ni wọ́n ti ń ṣe é. Samuel Callender, ọmọ Barbados, ló dá a sílẹ̀ kí àwọn tí kò lówó ìje ẹṣin lè ní eré tiwọn. Ẹni tó ń darí ewúrẹ́ kì í gùn ún. Ó ń di okùn rẹ̀ mú, ó wọ aṣọ aláwọ̀ dídán bíi ti ẹlẹ́ṣin, òun àti ẹran náà á sì jọ sáré tete títí dé òpin. Wọ́n ń tọ́jú ewúrẹ́ wọ̀nyẹn fún oṣù púpọ̀, wọ́n ń mú wọn rìn, wọ́n ń mú wọn wẹ̀ nínú òkun. Ẹ̀yìn ìje ni kí ẹ jẹ akàn oní-kọ́rì.

Àjíǹde máa ń bọ́ sáàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, ìjàpá òkun sì ti ń gòkè nígbà yẹn, nítorí náà ìrìn-àjò kan lè gba méjèèjì. Bàálù láti Trinidad dé Tobago kò gbà ju ìṣẹ́jú bíi 25 lọ, fẹ́rì náà wà fún ẹni tó bá láyè. Ṣùgbọ́n àwọn ará Trinidad fúnra wọn ló ń ya lọ sí Tobago lọ́dún Àjíǹde, nítorí náà, ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ kí oṣù kejì tó parí.